Ariwo, Ìdákẹ́ àti Ìgbà Ooru: Àyẹ̀wò Eré Orin Kan ní Woodstock ní Ọdún 1952

Ìfáàrà

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ ni yóò dìde sọ̀rọ̀ lórí eré orin, pàápàá eré orin tí ó wáyé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí a kò kọ orin kankan nínú rẹ̀, tí a kò sì lu ìlù kankan. Ìdí tí mo fi yan kókó yìí ni pé ìbéèrè tí eré náà gbé dìde kì í ṣe ti àwọn olórin nìkan. Ìbéèrè náà nìyí: nígbà tí òṣèré bá jókòó níwájú àwùjọ, èwo nínú gbogbo ìró tí etí ń gbọ́ ni ó jẹ́ ti eré, èwo ni kì í ṣe ti eré, ta ni ó sì ní àṣẹ láti pa ààlà sáàárín méjèèjì? Àwa tí a ń ṣe ìwádìí lórí ewì alohùn kò lè sá fún ìbéèrè yìí, nítorí pé ojoojúmọ́ ni a ń pa ààlà náà, yálà a mọ̀ tàbí a kò mọ̀.

Eré tí mo ń wí wáyé ní alẹ́ ọjọ́ 29, oṣù kẹjọ, ọdún 1952, nínú gbọ̀ngàn kan tí à ń pè ní Maverick, lẹ́bàá ìlú Woodstock ní ìpínlẹ̀ New York. John Cage ni ó dá eré náà sílẹ̀. Atẹdùùrù kan tí ń jẹ́ David Tudor ni ó ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ariwo kì í ṣe irú ìró kan lọ́tọ̀. Ìró tí a kò tíì fún ní ààyè ni à ń pè ní ariwo. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, òṣèré kan fún un ní ààyè, ìgbà ooru ilẹ̀ Òyìnbó sì bá a ṣí ilẹ̀kùn.

Kí ni à ń pè ní ariwo?

Kí a tó kúrò nílé, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà nínú èdè tiwa. Ìró ni orúkọ tí ó kó gbogbo ohun tí etí ń gbọ́ pọ̀. Ohùn ni ti ẹlẹ́mìí, tàbí ti ohun tí a kà sí ẹlẹ́mìí: ènìyàn ní ohùn, ẹyẹ ní ohùn, ìyáàlù náà sì ní ohùn nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀. Ariwo ni ìró tí ó pọ̀ tí a kò rí ètò nínú rẹ̀, bí ariwo ọjà àti ariwo ọmọdé. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó fínnífínní, a ó rí i pé kì í ṣe bí ìró ti le tó nìkan ni ó ń sọ ọ́ di ariwo. Ọmọ tí ó ń kọrin lóru nígbà tí baba rẹ̀ ń sùn, ariwo ni ó ń pa, bí orin náà tilẹ̀ dùn bí oyin. Bí a bá sọ fún un pé kí ó má pariwo mọ́, kì í ṣe pé orin rẹ̀ kò dára. Ohun tí à ń sọ ni pé orin náà kò bá ibẹ̀ mu, kò sì bá àkókò náà mu.

Ẹ wo ọ̀nà kejì. Bí Orò bá ń ké lóru, kò sí ẹni tí yóò sọ pé orin ni, kò sì sí ẹni tí yóò láyà láti sọ pé ariwo ni. Ohùn ni. Ààyè tí ìlú fún ìró náà ni ó sọ ọ́ di ohùn. Ẹ sì wo ṣaworo tí a so yí ojú ìyáàlù ká. Kò bá ìlù náà sọ̀rọ̀. Kò ní ohùn òkè tàbí ohùn ìsàlẹ̀ tí a lè fi gbé ọ̀rọ̀ jáde. Ńṣe ni ó kàn ń dún ní gbogbo ìgbà tí ọ̀pá bá kan awọ. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá já a kúrò, onílù yóò mọ̀ pé wọ́n ti bù lára ìlù òun. Nítorí náà, pé kí ìró tí kò ní ìtumọ̀ wà nínú eré kì í ṣe àjèjì sí wa rárá.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ariwo ṣeré ní ilẹ̀ Òyìnbó

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bí wọ́n ti ń kọ́ gbọ̀ngàn orin tí ó nípọn, tí wọ́n sì ń kọ́ àwùjọ pé kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, ni wọ́n ń ya ìró tí ó jẹ́ ti orin sọ́tọ̀ kúrò lára ìró yòókù. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kọlu ìyàsọ́tọ̀ yìí ní gbangba kì í ṣe olórin; ayàwòrán ará Ítálì ni, Luigi Russolo ni orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹta, ọdún 1913, ó kọ ìwé kan sí olórin Balilla Pratella, nínú èyí tí ó ti sọ pé ayé ti kún fún ẹ̀rọ, etí ènìyàn sì ti yí padà, nítorí náà kí orin gba ariwo mọ́ra. Ó pín àwọn ariwo sí ìsọ̀rí 6. Òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Ugo Piatti, wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àpótí onígi tí ó ní ẹnu bí fèrè ńlá. Bí a bá yí ọwọ́ àpótí náà, yóò máa kùn, yóò máa hó, tàbí kí ó máa bú gbàmù.

Wọ́n fi ọ̀kan nínú wọn han àwùjọ ní ìlú Modena ní ọjọ́ 2, oṣù kẹfà, ọdún 1913. Nígbà tí wọ́n kó púpọ̀ jáde ní gbọ̀ngàn Dal Verme ní ìlú Milan, ní ọjọ́ 21, oṣù kẹrin, ọdún 1914, ìjà ni ó bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn òǹwòran àti àwọn òṣèré. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, wọ́n gbé wọn dé London. Lẹ́yìn náà ni Ogun Àgbáyé Kìíní dé. Lónìí, kò sí ọ̀kan tí ó kù nínú àwọn àpótí tí Russolo fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Àwọn tí à ń rí nísinsìnyí, àwòkọ ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun kan. Russolo mú ariwo wọ inú gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n inú àpótí ni ó dè é mọ́. Òṣèré ni ó ń pàṣẹ fún un, tí ó ń sọ fún un pé kí ó dún tàbí kí ó dákẹ́. Ariwo tí àwọn òǹwòran Milan pa ní alẹ́ ọjọ́ yẹn kò sí lára eré lójú ẹnikẹ́ni, àní lójú Russolo pàápàá. Ààlà náà sún díẹ̀, ṣùgbọ́n kò wó.

John Cage àti ọ̀nà tí ó gbà dé ibi ìdákẹ́

A bí John Cage ní ìlú Los Angeles ní ọdún 1912. Ó kú ní New York ní ọdún 1992. Nígbà èwe rẹ̀, ìlù àti irin ni ó gbájú mọ́ ju ohun èlò orin mìíràn lọ. Ní ọdún 1940, nígbà tí ó wà ní Seattle, oníjó kan tí ó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, Syvilla Fort, bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dá orin sílẹ̀ fún ijó òun, kí orin náà sì ní àwọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Ìlù ni ìbá lò, ṣùgbọ́n orí ìtàgé náà kéré jù, dùùrù píánò kan ṣoṣo ni ó gbà. Cage bá ki àwọn bóòtù àti irin wẹ́wẹ́ bọ àárín àwọn okùn píánò náà, títí tí ó fi ń dún bí agbo onílù. Ẹni tí ó bá mọ ṣaworo ara ìyáàlù, tí ó sì mọ irin wẹ́wẹ́ tí àwọn kan ń so mọ́ agídìgbo, yóò rí i pé ohun tí ó jẹ́ àrà tuntun ní Seattle kì í ṣe ohun ìyanu níbi gbogbo láyé. Ìfẹ́ ọkàn oníjó kan sí Áfíríkà ni ó ti Cage dé ibẹ̀.

Ní ọdún 1948, ó sọ nínú àsọyé kan ní ilé-ẹ̀kọ́ Vassar pé òun fẹ́ dá ìdákẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin ààbọ̀, kí òun sì tà á fún ilé iṣẹ́ tí ń ta orin sí àwọn ilé ìtajà àti ọ́fíìsì. Ó dà bí àwàdà, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1951, ó wọ yàrá kan ní Yunifásítì Harvard tí wọ́n ṣe ní ọ̀nà tí ògiri rẹ̀ fi ń gbé gbogbo ìró mì. Ó rò pé òun yóò gbọ́ ìdákẹ́. Ìró 2 ni ó gbọ́, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé fún un pé ti òkè jẹ́ ti iṣan ọpọlọ rẹ̀, ti ìsàlẹ̀ sì jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ tí ó ń lọ yí ara rẹ̀ ká. Yálà àlàyé náà péye tàbí kò péye, ohun tí Cage rí dì mú níbẹ̀ ni pé kò sí ìdákẹ́ fún ẹni tí ó wà láàyè. Ohun tí à ń pè ní ìdákẹ́ kò ju ìró tí a kò kọbi ara sí. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Cage yí òwe náà padà láìmọ̀: ó dákẹ́, ti ara rẹ̀ kò dákẹ́.

Ooru, òjò àti ilé orin

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìgbà ooru, nítorí pé àwọn òpìtàn orin sábà máa ń fò ó dá. Ní àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà, kí ẹ̀rọ amúlétutù tó gbilẹ̀, ooru oṣù keje àti oṣù kẹjọ kì í jẹ́ kí ilé eré ṣeé jókòó sí. Ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn a ti ilẹ̀kùn wọn, àwọn olórin a sì wá afẹ́fẹ́ lọ sí ìgbèríko. Báyìí ni eré ìgbà ooru ṣe bẹ̀rẹ̀. Ooru ni ó lé orin jáde kúrò láàárín ògiri.

Ṣùgbọ́n nígbà tí orin jáde, ó bá òjò pàdé. Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹjọ, ọdún 1937, ní Tanglewood ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, Serge Koussevitzky àti ẹgbẹ́ olórin Boston ń ta orin Wagner lábẹ́ àgọ́ aláṣọ. Ààrá sán, òjò dé, eré sì dàrú. Gertrude Robinson Smith, tí ó jẹ́ aṣáájú àwọn olùgbékalẹ̀ eré náà, gun orí ìtàgé ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ó ní kí àwùjọ dá owó kí a lè kọ́ ilé tí òjò kò ní lè wọ̀. Wọ́n dá owó náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1938, wọ́n ṣí ilé ńlá náà.

Èmi kò bá wọn jà. Ẹni tí ó bá ti kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ rí nínú kíláàsì onípáànù mọ̀ pé bí òjò bá dé, olùkọ́ á dákẹ́ dandan. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni pé ní ọdún 1937, ariwo ni òjò jẹ́ fún orin, owó ni a sì dá láti lé e lọ. Kò ju ọdún 15 lẹ́yìn náà lọ, ní ìpínlẹ̀ tí ó bá Massachusetts pààlà, tí òjò mìíràn rọ̀ sí orí eré mìíràn, tí ó sì di ara eré náà.

Alẹ́ ọjọ́ 29, oṣù kẹjọ, ọdún 1952

Woodstock tó nǹkan bí 100 máìlì sí àríwá ìlú New York. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a ṣì í mú fún eré aláriwo ńlá ti oṣù kẹjọ ọdún 1969 tí ó gba orúkọ ìlú náà káàkiri ayé. Bethel ni èyí ti wáyé, kì í ṣe Woodstock. Gbọ̀ngàn Maverick jẹ́ ilé onígi nínú igbó. Hervey White àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tí ó kó jọ yí ara rẹ̀ ká ni wọ́n kọ́ ọ ní ọdún 1916. Ìgbà ooru ni wọ́n ń lò ó, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ sí igbó, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá jókòó níbẹ̀ ń gbọ́ ẹyẹ, kòkòrò àti ewé.

Eré ọjọ́ náà jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń wá owó fún ìrànlọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà. David Tudor ni ó dá nìkan jókòó sídìí píánò. Ọmọ ọdún 26 ni nígbà náà. Ó ta iṣẹ́ Christian Wolff, ti Morton Feldman, ti Earle Brown, àti ti Pierre Boulez. Iṣẹ́ Cage tí ó ṣáájú èyí tí ó kẹ́yìn ni à ń sọ. Orúkọ rẹ̀ kò ju iye àkókò tí ó gbà lọ: 4′33″. Ìpín 3 ni ó ní: ìṣẹ́jú àáyá 30, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 23, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú 1 àti àáyá 40.

Báyìí ni Tudor ṣe ṣe é. Ó jókòó, ó gbé ìwé orin síwájú, ó sì pa ìdérí píánò dé. Ó ń wo aago tí a fi ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Nígbà tí ìpín kìíní pé, ó ṣí ìdérí náà. Ó tún pa á dé fún ìpín kejì, ó ṣí i. Ó pa á dé fún ìpín kẹta, ó ṣí i. Láàárín àkókò náà, ó ń ṣí ojú-ìwé bí àkókò ti ń lọ, nítorí pé wọ́n fa ìlà orin sínú ìwé náà, wọ́n sì wọn àkókò sí i, àmọ́ wọn kò kọ ìró kankan sínú rẹ̀. Kò fi ọwọ́ kan píánò láti mú un dún. Píánò, tí ó jẹ́ igi, a máa wú nínú ọ̀rinrin ìgbà ooru, okùn rẹ̀ a sì máa yẹsẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ohùn píánò Tudor kò jọra.

Gẹ́gẹ́ bí Cage ti ròyìn rẹ̀, afẹ́fẹ́ ni a gbọ́ ní ìpín kìíní, bí ó ti ń fẹ́ lóde. Ní ìpín kejì, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán lórí òrùlé. Ní ìpín kẹta, àwọn ènìyàn fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, àwọn mìíràn sì ń dìde jáde. Inú bí ọ̀pọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n ń jíròrò lẹ́yìn eré, ẹnì kan dìde, ó ní kí ará ìlú lé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kúrò ní Woodstock. Cage sọ nígbà tí ó yá pé iṣẹ́ yìí mú kí òun pàdánù àwọn ọ̀rẹ́ tí òun fẹ́ràn.

Iṣẹ́ òṣèré

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń sọ títí di òní pé Tudor kò ṣe nǹkan kan, àti pé ọmọdé pàápàá lè ṣe ohun tí ó ṣe. Èrò tèmi yàtọ̀. Ẹ wò ó pé ohun 3 ni òṣèré náà ṣe, tí ó bá fi ọ̀kan sílẹ̀, eré kò sí mọ́. Èkíní, ó pa ààlà sí àkókò: ìró tí ó dún kí ó tó pa ìdérí dé kò sí nínú eré, ìró tí ó dún lẹ́yìn tí ó ṣí i kẹ́yìn kò sí nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Èkejì, ó fi ara rẹ̀ jìn. Ó jókòó gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń ta orin tí ó le jù lọ, kò rẹ́rìn-ín, kò ṣe àwàdà. Ká ní ó rẹ́rìn-ín ni, ẹ̀fẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ì bá jẹ́. Ẹ̀kẹta, ó fà sẹ́yìn. Òṣèré tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta iṣẹ́ Boulez tí ó le koko, gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò kí òjò lè ráyè. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Òṣèré tí kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dákẹ́ kò tíì mọ eré.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ Woodstock kì í ṣe pé gbogbo ariwo di orin. Ohun tí ó fi yé wa ni pé ìró tí a pa ààlà yí ká tọkàntọkàn, tí a sì fún ní ààyè, kúrò ní ariwo. Tudor fúnra rẹ̀ ni ó fi ẹ̀rí apá kejì ọ̀rọ̀ yìí hàn. Nígbà tí ó yá, ó fi dídá píánò ta sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì bọ́ sí ìdí ẹ̀rọ oníná. Ní ìgbà ooru ọdún 1973, ní abúlé Chocorua ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, òun àti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ so oríṣiríṣi nǹkan ńlá rọ̀ sínú àká kan. Wọ́n lẹ ẹ̀rọ kéékèèké mọ́ wọn lára, tí ó fi jẹ́ pé nǹkan kọ̀ọ̀kan ń gbọ̀n, ó sì ń gbé ìró jáde gẹ́gẹ́ bí ìwà ara tirẹ̀. Àwọn òǹwòran ń rìn láàárín wọn. Rainforest IV ni orúkọ iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1952, ilé onígi kan nínú igbó, kò sí ìró kan láti ọwọ́ òṣèré. Ní ọdún 1973, ilé onígi mìíràn ní ìgbèríko, ó kún fún ìró. Òṣèré kan náà ni. Lójú tèmi, ohun kan náà ni ó ṣe ní ibi méjèèjì: ó jẹ́ kí ohun tí ó wà níbẹ̀ sọ ti ẹnu rẹ̀.

Ohun tí ó kàn wá nínú rẹ̀

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni òjò Woodstock ní í ṣe pẹ̀lú ìjálá, rárà àti ẹ̀sà? Ìdáhùn mi pín sí méjì.

Lọ́nà kìíní, eré tiwa kò fìgbà kan rí lé ìró òde jáde. Ìta gbangba ni a ti ń ṣe é. Oòrùn pàápàá ń bá wa ṣiṣẹ́: onílù tí awọ ìlù rẹ̀ bá rọ̀ nítorí ọ̀rinrin a sá a sí oòrùn tàbí kí ó yá a níná kí ohùn rẹ̀ tó pé. Àwùjọ náà kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá ti fi hàn nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá, tí ó jáde ní ọdún 1966, pé àwọn apìjálá ẹlẹgbẹ́ ẹni lè dá ẹni tí ń pe ìjálá dúró bí wọ́n bá rí i pé ó ṣì í pè, kí òun náà sì fèsì. Irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ kì í ba eré jẹ́. Inú eré ni ó wà. Níbí yìí ni mo ti rí àléébù nínú iṣẹ́ Cage. Ó ṣílẹ̀kùn fún afẹ́fẹ́ àti òjò, ṣùgbọ́n kò fún ọmọnìkejì ní ohun tí yóò fi dáhùn. Àwọn tí ó sọ̀rọ̀ ní ìpín kẹta kò mọ̀ pé àwọn ń ṣeré. Ìbínú ni wọ́n bá jáde. Ẹni tí ó dá apìjálá dúró mọ ohun tí ó ń ṣe, ìlú sì mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Òjò wọ inú eré Woodstock; ará ìlú kò wọ̀ ọ́.

Lọ́nà kejì, ewu kan wà lọ́wọ́ wa. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ti dé ilẹ̀ wa ni ọ̀pọ̀ olùwádìí ti ń ní kí àwùjọ dákẹ́ kí ohùn akéwì lè mọ́. Wọ́n ń mú akéwì wọ inú yàrá, wọ́n ń ti fèrèsé. Nígbà tí wọ́n bá sì da ewì náà kọ sínú ìwé, wọ́n a fo ẹ̀rín àwùjọ, wọ́n a fo ìdáhùn obìnrin tí a ki oríkì ilé baba rẹ̀, wọ́n a fo ìlù tí ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu akéwì. Ohun tí ó kù lórí ìwé dára, ṣùgbọ́n ó dà bí ìyáàlù tí a já ṣaworo rẹ̀ kúrò. Ní àkókò tiwa yìí, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Àwọn téèpù àtijọ́ ń bàjẹ́, ó sì di dandan kí a dà wọ́n sórí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà lè yọ ohunkóhun tí a bá ti pè ní ariwo kúrò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí a bá yọ ọ́ tán, tí a sì sọ téèpù nù, kò sí ẹni tí yóò tún mọ̀ láéláé bóyá ohun tí a yọ jẹ́ ìkùn ẹ̀rọ lásán ni, tàbí ohùn àgbàlagbà kan tí ó jókòó lẹ́yìn, tí ó ń tún ìtàn ṣe fún akéwì.

Nítorí náà, ohun 3 ni mo fẹ́ kí àwa tí a wà nínú iṣẹ́ yìí gbà. Kí ẹni tí yóò gba ewì sílẹ̀ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí ibi tí yóò ti gbọ́ àwùjọ, kì í ṣe akéwì nìkan. Kí ẹni tí yóò da ewì kọ fi ibi tí àwùjọ ti dáhùn hàn lórí ìwé, àní bí kò bá tilẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn já. Kí ẹni tí yóò fọ téèpù mọ́ kọ́kọ́ tọ́jú èyí tí a kò fọ̀, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ohun tí òun yọ kúrò. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí tí ó gba owó púpọ̀. Ìtẹ́tísílẹ̀ ni wọ́n ń béèrè.

Ìkádìí

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bi mí pé, ṣé kí a wá fi etí sílẹ̀ fún gbogbo ariwo ni? Rárá o. Bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ni í ya, eré tí kò ní ààlà kì í sì í ṣe eré mọ́. Ìṣẹ́jú 4 àti àáyá 33 ni Tudor fún òjò. Kò fún un ní gbogbo òru. Ṣùgbọ́n ààlà tí a bá pa, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ pé a mọ̀ pé àwa ni a pa á, kí a sì lè sọ ìdí rẹ̀. Russolo de ariwo mọ́ àpótí; àwọn ará Tanglewood kọ́lé láti lé e lọ; Cage àti Tudor jẹ́ kí ó wọlé fún ìwọ̀nba àkókò. Àwọn baba wa kò lé e jáde rí, wọ́n kàn ń kọ́ ọ ní ìgbà tí yóò sọ̀rọ̀ àti ohun tí yóò sọ. Nínú gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó le jù láti kọ́, òun sì ni ó yára jù láti pàdánù, nítorí pé kò sí lórí ìwé, ó wà nínú àwọn téèpù tí ń jẹrà lórí pẹpẹ wa.